Ẹ Ka Yorùbá Yín Láti Ẹ̀yìn: Bí Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe Ṣe Ń Tò Tẹ̀léra Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà wá lórí fóònù torí pé dátà ò tó, tàbí torí pé íápíìsì yín ti sọnù sínú dánfó, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ohun tí mo sọ lórí ètò ni mo kọ síbí. Ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò.

Orí báàgì kan ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mi ò tíì rí iṣẹ́ gidi. Mo ń gba iṣẹ́ kéékèèké: mo ń ya fídíò, mo ń gé e, mo sì ń bá àwọn tó ń tajà lórí Instagram kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi sábẹ́ fọ́tò ọjà wọn. Obìnrin kan tó ń ta báàgì ló gbé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ mú owó gidi wọlé fún mi wá. Fọ́tò mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ohun tí mo kọ sábẹ́ fọ́tò àkọ́kọ́ ni: "Leather black small bag for the classy lady."

Obìnrin náà gbé e síta. Kò pé wákàtí kan tí ẹnì kan fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, ta ló kọ irú Gẹ̀ẹ́sì yìí, ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni? Ni àwọn yòókù bá ń da àwòrán ẹ̀rín sí i. Obìnrin náà pè mí. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Àbúrò mi, má bínú, jẹ́ kí n wá ẹlòmíì tó máa ṣe ìyókù." Ó san owó fọ́tò kan fún mi, ó sì gba mẹ́sàn-án tó kù lọ́wọ́ mi.

Mo kàwé gboyè o. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré títí mo fi dé yunifásítì. Àmọ́ fún bí oṣù méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ báàgì yẹn, mi ò jẹ́ kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kankan síta àfi tí ọ̀rẹ́ mi kan bá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Tá a bá ń ṣèpàdé lórí Zoom, tó wá kàn mí láti sọ̀rọ̀, màá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lọ́dọ̀ mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Ojú ló ń tì mí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀. Sípẹ́lì mi pé. Báàgì náà kéré lóòótọ́, ó dúdú lóòótọ́, awọ sì ni wọ́n fi ṣe é. Irọ́ wo ni mo wá pa?

Mo gbé e lọ bá àǹtí mi kan, àbúrò màmá mi, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì. Mo fi fóònù hàn wọ́n.

"Àǹtí, ẹ dákun, kí ló burú nínú èyí?"

Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "'Small black leather bag' ló yẹ kó o kọ."

"Kí ló dé, mà?"

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún un kà. "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣé ìwọ ò gbọ́ bó ṣe dún ni?"

Mo ní mi ò gbọ́, mà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní, "Òótọ́ ni. Èmi náà kàn mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí."

Ọjọ́ yẹn ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní títì mí. Tí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ò bá mọ ìdí rẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe orí mi ló pé díẹ̀ káàtó.

Àwọn tó ni èdè náà pàápàá ò mọ̀ ọ́n

Ẹ mọ J. R. R. Tolkien, ẹni tó kọ The Lord of the Rings. Lọ́dún 1955, ó kọ lẹ́tà sí akéwì kan tó ń jẹ́ W. H. Auden, ó sì sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje. Ó kọ ìtàn kan nípa dírágónì, ó sì pè é ní "green great dragon". Ìyá rẹ̀ ní rárá, èèyàn ò lè sọ bẹ́ẹ̀, "great green dragon" ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Tolkien ní òun rò ó pé kí ló fà á, àti pé títí di ìgbà tóun ń kọ lẹ́tà yẹn, òun ṣì ń rò ó. Ẹni ọdún 63 ni lọ́jọ́ náà, ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì sì ni ní yunifásítì Oxford. Ẹ wá rí i pé èmi àti ọ̀jọ̀gbọ́n la jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà.

Lọ́dún 2013, Mark Forsyth, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan tó pè ní The Elements of Eloquence jáde. Ìpínrọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ bí àwọn ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń tò tẹ̀léra. Nígbà tó di ọdún 2016, ẹnì kan ya fọ́tò ìpínrọ̀ náà sórí Twitter, ó sì tàn ká bí iná ọyẹ́. Ohun tó ya àwọn tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ni pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tẹ̀ lé òfin kan tí wọn ò mọ̀ pé ó wà.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyí

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ irú ẹni tàbí irú nǹkan tá à ń sọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, iwájú ọ̀rọ̀ orúkọ ló sábà máa ń wà. Tí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó nìyí, láti iwájú lọ sẹ́yìn:

1. Èrò ọkàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀: beautiful, nice, ugly.
2. Bó ṣe tóbi tàbí bó ṣe gùn tó: big, small, long.
3. Bó ṣe pẹ́ láyé tó: old, new, young.
4. Bó ṣe rí, bóyá ó rí roboto tàbí ó ní igun mẹ́rin: round, square.
5. Àwọ̀ rẹ̀: black, red, yellow.
6. Ibi tó ti wá: Nigerian, Turkish, Italian.
7. Ohun tí wọ́n fi ṣe é: leather, wooden, plastic.
8. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe: "frying" nínú "frying pan", "wedding" nínú "wedding dress".

Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ orúkọ máa wá jókòó. Tí "my", "the", "these" tàbí iye bíi "two" bá wà níbẹ̀, iwájú pátápátá ni wọ́n ń wà: "my two small black bags".

Ẹ má jẹ́ kí mẹ́jọ yìí dẹ́rù bà yín. Kò sẹ́ni tó máa ń to mẹ́jọ pọ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì ló wọ́pọ̀, mẹ́ta ti tó. Ìwé kan sì lè gbé ìkẹta àti ìkẹrin fún ara wọn, ìyẹn ò da nǹkan rú. Èyí tẹ́ ẹ máa lò jù lójoojúmọ́ ni èrò, títóbi, ọjọ́ orí, àwọ̀, ibi tó ti wá àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá mọ mẹ́fà yẹn ti bọ́.

Ìdánwò ìjà

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ há mẹ́jọ yìí sórí, ẹ máa wò ó. Èmi há a sórí títí, ó sì ń fò lọ. Ohun tó jẹ́ kó dúró ni ìgbà tí mo mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Gregory Scontras, Judith Degen àti Noah Goodman, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fẹ́ mọ àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí èèyàn méjì lè máa jiyàn lé lórí láìjẹ́ pé ẹnì kankan nínú wọn jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n rí ni pé, bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣe lè fa iyàn tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa jìnnà sí ọ̀rọ̀ orúkọ tó. Èyí tí kò lè fa iyàn ló máa ń sún mọ́ ọn.

Ìdánwò ìjà lèmi ń pè é. Ẹ jẹ́ ká lọ sí gáréèjì. Ẹ dúró síwájú dánfó kan, kẹ́ ẹ wá sọ fún awakọ̀ pé ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ "ugly old yellow bus".

"Ugly"? Ìjà ti dé nìyẹn. Á ní ta lọkọ̀ ẹ̀ burẹ́wà? Lójú tiẹ̀, òun ló rẹwà jù nínú gáréèjì. "Old"? Ó ṣì lè jiyàn díẹ̀, á ní ọdún mélòó lòun rà á, ṣé ẹ ò rí i pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa? "Yellow"? Kò sí iyàn níbẹ̀, yẹ́lò ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò: èyí tó fa ìjà jù ló jìnnà jù sí "bus", èyí tí ò fa ìjà ló fara tì í. Tẹ́ ẹ bá ní "yellow old ugly bus", orí ìlà ti dojú délẹ̀.

Ẹ tún wò ó báyìí: ọ̀rọ̀ orúkọ ni ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń jókòó tì í. Àwọn tí wọ́n kàn mọ̀ ọ́n lójú máa lọ jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn. "Leather" ti wọ inú báàgì, ẹ ò lè yọ ọ́ kúrò kí báàgì ṣì kù. Àmọ́ "beautiful" ò sí nínú báàgì, ojú ẹni tó ń wò ó ló wà.

Yorùbá náà ń to tiẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀.

Lọ́dún 1963, Joseph Greenberg, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó fi èdè 30 káàkiri ayé wéra. Yorùbá wà lára wọn. Ọ̀kan nínú ohun tó sọ ni pé, tí ọ̀rọ̀ bíi "yìí", iye, àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá wà níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, bákan náà ni wọ́n máa ń tò: "these", lẹ́yìn náà "three", lẹ́yìn náà "big". Tí wọ́n bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ, yálà kí wọ́n tò bẹ́ẹ̀ náà, tàbí kí wọ́n yí padà pátápátá, bíi ìgbà téèyàn ń wo dígí.

Yorùbá yàn láti yí padà. Ẹ wo èyí:

"These three big wooden chairs."

Ẹ wá sọ ọ́ ní Yorùbá: "Àga onígi ńlá mẹ́ta yìí."

Ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú: yìí, mẹ́ta, ńlá, onígi, àga. These, three, big, wooden, chairs. Ọ̀rọ̀ márùn-ún síbí, márùn-ún sọ́hùn-ún, kò sí èyí tó ṣìnà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo dìde lórí ìjókòó. Òfin tí mo rò pé ti òyìnbó ni ti ń bẹ lẹ́nu ìyá àgbà mi láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. "Onígi" fara ti àga nínú èdè méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀tún ni tiwa ń kọjú sí, òsì ni tiwọn.

Ẹ wá wo báàgì mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi ní Yorùbá ni "báàgì aláwọ dúdú kékeré". Kò sí àléébù níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, mo rántí pé ẹ̀yìn ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ọ̀rọ̀ orúkọ sí, mo bá gbé "bag" lọ sẹ́yìn. Mo fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà: leather, black, small. Ìdajì iṣẹ́ ni mo ṣe. Ó yẹ kí n yí gbogbo ìlà náà padà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo gbé.

Nítorí náà, kì í ṣe pé mi ò gbọ́ èdè. Yorùbá ni mo gbọ́ dáadáa, mo kàn gbàgbé láti kà á láti ẹ̀yìn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń mi orí níbẹ̀ yẹn. Òótọ́ ni, Yorùbá ò le bíi Gẹ̀ẹ́sì lórí èyí. Mo lè sọ pé "ajá dúdú ńlá kan", mo sì lè sọ pé "ajá ńlá dúdú kan", kò sẹ́ni tó máa fi mí rẹ́rìn-ín. A sì ní àwọn díẹ̀ tó ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, bíi "àgbà òṣèré" àti "ògbólógbòó olè". Lọ́pọ̀ ìgbà pàápàá, a kì í tò wọ́n pọ̀ rárá, a máa ń pín wọn ni: "Báàgì náà kéré, ó sì dúdú." Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fi ohun tó fara ti nǹkan náà jù bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, tẹ́ ẹ wá kà á padà láti ẹ̀yìn, Gẹ̀ẹ́sì yín á jókòó dáadáa.

Ibi tí òfin ti ń yẹ̀

Ìkookò burúkú inú àwọn ìtàn ọmọdé, "Big Bad Wolf" ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó, "bad" jẹ́ èrò, "big" jẹ́ títóbi. Ó yẹ kó jẹ́ "bad big wolf". Òfin mìíràn ló borí níbẹ̀, ìyẹn òfin ohùn. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn kí ohùn "i" ṣáájú "a" tàbí "o": "zigzag", "chit-chat", "tick-tock", "ping-pong". Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín, àwa náà ń ṣe é. A máa ń sọ pé "wúruwùru", "játijàti", "rádaràda". Ohùn òkè ló ń ṣáájú, tìsàlẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ta ló kọ́ yín níléèwé? Kò sẹ́ni tó kọ́ yín. Àmọ́ ẹni tó bá ní "wùruwúru", ẹ máa mọ̀ pé àlejò ni.

Èkejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ti so pọ̀ di orúkọ kan. "High school" jẹ́ orúkọ kan, nǹkan kan ò lè wọ àárín rẹ̀: "a new high school". Bákan náà ni "ilé-ìwé gíga tuntun" nínú Yorùbá. Tẹ́ ẹ bá ní "ilé-ìwé tuntun gíga", èèyàn máa rò pé ilé alájà mẹ́ta lẹ̀ ń sọ.

Ẹ̀kẹta ni ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya nǹkan sọ́tọ̀. Tí báàgì ńlá méjì bá wà nílẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, ẹ lè sọ pé "the black big bag", kẹ́ ẹ sì tẹ ohùn mọ́ "black". Ìyẹn ò burú.

Kọ́mà ńkọ́? Ẹ fi "and" dán an wò. "A kind, honest man": ẹ lè sọ pé "kind and honest", ẹ sì lè gbé wọn fún ara wọn, torí ìjókòó kan náà ni wọ́n wà. Ẹ fi kọ́mà sí i. "A big red car": kò sẹ́ni tó máa sọ pé "red and big car". Ìjókòó ọ̀tọ̀ ni kálukú wà, kò nílò kọ́mà.

Kẹ́ ẹ tó lọ

Mo ní iṣẹ́ kékeré kan fún yín. Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ wá fọ́tò nǹkan mẹ́ta: bàtà, ilé, oúnjẹ, ohunkóhun. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí wọ́n fi ṣe é, kẹ́ ẹ tó sọ àwọ̀, kẹ́ ẹ tó sọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ wá kà á láti ẹ̀yìn ní Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá ṣì ń dàrú, ẹ fi ìdánwò ìjà wò ó. Tí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ má to mẹ́ta pọ̀ mọ́. Ẹ gbé ọ̀kan lọ sẹ́yìn: "a small black bag made of leather". Ó pé, ó sì dáa.

Ẹ ó nílò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánwò IELTS, tẹ́ ẹ bá ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, tẹ́ ẹ bá ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan wà níbì kan tó máa fi ìlà ọ̀rọ̀ yín díwọ̀n orí yín. Kò dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ti gba fọ́tò mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ojú ìwé obìnrin tó ń ta báàgì yẹn. Mo yí i sísàlẹ̀ títí mo fi rí fọ́tò àkọ́kọ́. Gbólóhùn mi ṣì wà níbẹ̀, kò yọ ọ́. "Leather black small bag." Àwọn àwòrán ẹ̀rín ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn, obìnrin náà ti kọ ọ́ pé: "Sold out."

Gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín ló mọ báàgì tí mò ń sọ. Ẹni tó rà á náà mọ̀ ọ́n.

Ó dìgbà kan ná. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹnì kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í dáa tó bá ti kàn án láti sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí i.